Ilé Tí A Fi Ẹsẹ̀ Onílé Wọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó jókòó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yìí. Ó tutù, àbí? Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ló jẹ́ kó máa dán bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti wọ ọgbà ni ẹ ti ń yin ilé yìí, inú mi sì ń dùn, nítorí ọmọ mi ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú yín béèrè lẹ́nu ọ̀nà, pé kí ló dé tí ilé tó lẹ́wà tó báyìí kò ní àtẹ̀gùn. N ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Inisa níbí. Òkukù ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹrẹ̀, nígbà tí èmi alára kò tíì ga ju àga yẹn lọ. Ìwọ tó wà létí ilẹ̀kùn, má fi ẹ̀yìn tì í, ọ̀dà ibẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa.

Ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má rò pé ahéré ni mò ń sọ. Ilé ńlá ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, ó ní yàrá lọ́tùn-ún lósì, ó sì ní àjà tí a ń kó àgbàdo sí. Lónìí, bí èèyàn bá fẹ́ kọ́lé, ẹni tí yóò ya púláànù ló máa kọ́kọ́ wá. Nígbà náà, ẹsẹ̀ onílé ni a kọ́kọ́ ń wá. Mi ò fi ọ̀rọ̀ dárà o. Onílé yóò bọ́ bàtà, yóò dúró síbi tí ògiri yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò wá máa rìn, kí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, láìfi àlàfo sílẹ̀, títí yóò fi dé ibi tó fẹ́ kí yàrá òun parí sí. Wọn á ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọn á ta okùn. Bó bá kan ẹnu ọ̀nà, yóò na apá rẹ̀ méjèèjì. Bó bá kan àtérígbà, yóò gbé ẹrù lé orí kí wọ́n lè mọ ibi tí kò ti ní fi nǹkan gbá òkè. Ẹni tó ga, ilé rẹ̀ á ga. Ẹni tó bá kúrú, gbogbo àlejò rẹ̀ ni yóò tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé, yóò sì máa fi ìyẹn ṣe fáàrí.

Ẹrẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀, òun náà ló sì dùn jù níbẹ̀. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni ọjọ́ tí onílé bá bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Oúnjẹ nìkan ni yóò pèsè. Bó bá di ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn, òun náà yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ. Àwa obìnrin la máa ń pọn omi láti odò. Bí a bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí la ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin nínú ẹrẹ̀, pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí ewé kókò. Wọn á gé koríko sí i, wọn á bò ó kó sùn mọ́jú kó lè lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn á ṣù ú bí ẹni ń ṣu iyán, wọn á máa sọ ọ́ sókè sí ẹni tó dúró lórí ògiri. Bó bá gbá a mú, ẹ ó gbọ́ gbàà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lù ú mọ́ ògiri, gbì. Bí kò bá gbá a mú, orí ẹlòmíì ni yóò bà lé, iṣẹ́ á dúró kí gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín tán. Nígbà tí reluwé tó ń bọ̀ láti Òṣogbo bá fọn fèrè, wọn á bọ́ sílẹ̀ láti jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo àti iyọ̀, ẹrẹ̀ á ti gbẹ mọ́ wọn lára títí dé itan. Ojú irin yẹn ń bẹ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀yin kò fi fèrè rẹ̀ mọ aago oúnjẹ rí.

Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn á fi sílẹ̀ kí oòrùn jẹ ẹ́ dénú kí wọ́n tó gun orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lé ògiri ní eré. Onílé á kàn máa jáde láàárọ̀, á tẹ ìka bọ̀ ọ́, á mi orí, á padà wọlé.

Bí wọ́n bá bo ilé tán, ó di ti obìnrin. Ìyá mi á po ẹbọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màálù, mọ́ amọ̀ dúdú tí a gbẹ́ létí odò, wọ́n á sì fi ọwọ́ lásán rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí ẹni ń fi òrí para fún ọmọ. Èèpo èso irúgbá la máa ń sè fún ilẹ̀ ilé. Omi rẹ̀ á dúdú bí àgbo. A ó wọ́n ọn sílẹ̀, a ó kúnlẹ̀ ní ìlà kan, a ó máa fi pátákó lu ilẹ̀ náà, a ó máa fi orin gbe ara wa lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ á le, á sì dán, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó gbọ́ bí abẹ́rẹ́ bá jábọ́ sí i. Mo rí bí ẹ ṣe ń yínmú nítorí ẹbọ́tọ. Òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Òórùn ọ̀dà tí wọ́n kùn síbí ló pẹ́ jù ú lọ, orí sì fọ́ mi nítorí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Gáánà ni bàbá mi wà, wọ́n ń ṣòwò. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá àwọn bẹ̀rẹ̀ ilé kí òjò tó dé. Wọn kò rántí pé ẹsẹ̀ àwọn ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ náà sì wà ní Gáánà. Àbúrò wọn, Bàbá Àjàní, ni ẹbí ní kó bọ́ bàtà dípò wọn. Ẹ̀yin kò mọ Bàbá Àjàní. Kò sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ wọn lọ́jà Òkukù. Ẹni tó ń ṣe bàtà máa ń sọ pé awọ ewúrẹ́ kan kò tó o, ó di àgùntàn méjì. Ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n fi wọn yàrá, wọ́n fi wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi wọn gbogbo rẹ̀, inú gbogbo èèyàn sì dùn pé ilé ẹni Gáánà tóbi.

Bàbá mi dé. Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹní náà dà bí ewé kan tó já bọ́ sínú pápá. Wọ́n wo ògiri ìhín, wọ́n wo ògiri ọ̀hún.

"Àjàní, ṣé èmi lo kọ́lé fún, àbí ẹṣin?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá Àjàní wí, "ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mi ò lè yá ti ẹlòmíì."

Bàbá mi gbìyànjú láti gbé ibẹ̀. Wọ́n ní báwọn bá húkọ́, ẹlòmíì á tún húkọ́ ní igun kejì. Wọ́n ní bàtà àwọn máa ń sọnù láàárín ìbùsùn àti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ilé náà jíǹkí Bàbá Àjàní, ó sì bá wọn mu bí ẹ̀wù tí wọ́n rán mọ́ wọn lára. Bàbá mi wá lọ sí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà fúnra wọn, wọ́n wọn tiwọn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe nǹkan fún ẹni tí kò sí nílé, wọn á ní kó rọra o, kó má lọ fi ẹsẹ̀ Àjàní wọ̀n ọ́n.

Ó ku nǹkan kan kí n tó kúrò ní Òkukù. Nínú ìdílé wa, ọjọ́ tí a bá kó wọ ilé tuntun, onílé nìkan ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀lé e. Gbogbo ẹbí á dúró níta, a ó dákẹ́. Yóò rin gbogbo inú ilé já, yóò wá ti inú ilé pe ẹni tó bí i lọ́mọ pé kó máa wọlé. Ìyá bàbá mi ló gbé omi tútù dání lọ́jọ́ tiwa. Mo rántí ohùn bàbá mi bí ó ṣe jáde láti inú òkùnkùn ilé náà: "Ìyá mi, ẹ máa wọlé o." Ẹni tó bí wọn, tó fún wọn lọ́yàn, di àlejò wọn. Ojú Ìyá Àgbà dán bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Mo parí ìwé mẹ́wàá, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo lọ́kọ sí Ìkìrun. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Bí apá aṣọ kan bá fi ìwọ̀n èékánná gùn ju èkejì, mi ò ní sùn. Bọ́láńlé ni àkọ́bí mi. Kó tó lè sáré ni àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un. Ohun tó ń jókòó lé yẹn, kẹ̀kẹ́ arọ ni àwọn èèyàn ń pè é. Ẹsẹ̀ ni òun máa ń pè é. Bó bá fẹ́ kí n sún un mọ́ òun, á ní, "Màámi, ẹ bá mi mú ẹsẹ̀ mi wá." Mo máa ń wo ojú àlejò nígbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ó kàwé, ó gboyè, ó di olùkọ́ ìṣirò ní Inisa níbí. Ṣùgbọ́n ilé tó háyà ní Ìkìrun ní àtẹ̀gùn níwájú. Láràárọ̀, ẹnìkan ní láti gbé e sọ̀kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹnìkan ní láti gbé e gòkè. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin inú ilé bá lọ wo bọ́ọ̀lù, yóò jókòó sínú mọ́tò tó gbé e wálé títí wọn á fi dé, yóò máa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò ráhùn sí mi létí rí. Ọjọ́ tó ní òun fẹ́ kọ́lé, kò sọ pé òun fẹ́ ilé ńlá. Ó ní òun fẹ́ ilé tí òun fúnra òun á wọ̀. Ohun tí a ń kọ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo ìyókù, àti yàrá àti páànù, ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ̀rù bà mí o. Mo ronú olè, mo ronú iná, mo ronú pé òun nìkan ni yóò máa dá gbé. Ilẹ̀ yìí pàápàá dà gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà odò, mo sì ti rí bí omi ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà òjò. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní kí n bá òun máa bójú tó iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kọ́lé, ẹ fetí sí èyí. Kò sí ọ̀wẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń po sìmẹ́ńtì báyìí, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí èèyàn gbọ́ bí ẹnìkejì bá ń dá a lẹ́kun. Onílé á wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, fóònù ni yóò máa fi béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, gbogbo ènìyàn á sì máa dá a lóhùn pé ó ń lọ dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ á lọ ṣe Iléyá, wọn kò ní dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Búlọ́ọ̀kù fẹ́ omi mímu bí ẹni tó ń ṣàìsàn, bí ẹ kò bá sì dúró tì wọ́n, wọn ò ní fún un mu. Mo gbé àga lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mo fi agboòrùn borí, téèpù mi lọ́rùn. Àwọn bíríkìlà ń pè mí ní Ọ̀gá Àgbà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́, mo sì gbà á.

Làmídì, ọmọ Ìkìrun, ni ọ̀gá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì mọ èèyàn í bọ̀wọ̀ fún. Ọjọ́ kan péré ni mi ò lọ, nítorí ìsìnkú kan ní Òkukù. Ìgbà tí mo padà dé, mo bá ohun kan níwájú ilé, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè léraléra.

"Ọ̀gá Làmídì, kí ni mò ń wò yìí?"

"Àtẹ̀gùn ni, Màmá." Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mo fi ta Tíṣà lọ́rẹ ni. Ilé olùkọ́ kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ pẹlẹbẹ bí ilé adìẹ."

Mo bi í léèrè ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ tí ó wà nínú púláànù. Ó ní òun rí i, òun rò pé ọ̀nà mọ́tò ni, nígbà tí òun kò sì rí mọ́tò lọ́wọ́ wa, òun ní kí òun fi nǹkan tó buyì rọ́pò rẹ̀. Mo ní ta ni yóò wá gun àtẹ̀gùn náà. Ó họ orí. Ó ní kí n má dààmú, pé ọmọ pọ̀ ládùúgbò, wọn á máa gbé Tíṣà wọlé. Ẹ ò rí i pé kò ní ìkà nínú. Ilé tó níyì ní ojú tirẹ̀ ló kọ́. Ẹsẹ̀ Àjàní náà ló fi wọ̀n ọ́n.

Mo pe Bọ́láńlé. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó síwájú àtẹ̀gùn náà, ó wò ó títí. Kò pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," ló wí. "Àmọ́ láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé mi. Bí wọ́n bá tún máa gbé mi wọ ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, kí n kúkú padà sílé onílé."

Làmídì wolẹ̀. Ó ní òun á wó o. Ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ lòun ń sọ, omi ibẹ̀ lágbára, a kò lè mú ìpìlẹ̀ wálẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilé gbọ́dọ̀ ga, ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ gùn ún láìga jù. Báwo ni yóò ṣe ga tó, níbo ni yóò gbà? Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ kò rí bíi ti inú púláànù. Wọ́n ń jiyàn ẹsẹ̀ bàtà mélòó, ẹsẹ̀ bàtà mélòó. Ẹnu mi kàn sọ ọ́ jáde pé nílé bàbá mi, ẹsẹ̀ onílé la fi ń wọ̀n ọ́n.

Làmídì yíjú sí mi. "Ẹsẹ̀ wo, Màmá?"

Ojú tì í bí ó ti sọ ọ́ tán. Bọ́láńlé ló bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ lu táyà rẹ̀ bí ẹni lu èjìká ọ̀rẹ́.

"Èyí," ló ní.

Wọ́n wó àtẹ̀gùn. Wọ́n da erùpẹ̀ pupa síbẹ̀ ká lè fi dán ọ̀nà wò, wọ́n wọ́n omi sí i, àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó le tó ohun tí táyà lè gùn. Bọ́láńlé dojú kọ ọ́. Ó dé ìdajì, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kẹ̀kẹ́ náà fẹ́ yí padà sẹ́yìn. Mo ti sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti di àga náà mú.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀." Kò bojú wẹ̀yìn. "Bí ẹ bá tì mí, ẹsẹ̀ tiyín la fi wọ̀n ọ́n nìyẹn."

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bímọ á mọ ohun tí ìyẹn ná mi. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbà á tààrà, kí wọ́n jẹ́ kó fara ti ògiri ẹ̀gbẹ́ kó tó yí síwájú. Wọ́n da erùpẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó gùn ún, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fà á gùn sí i. Nígbà tó wá gùn ún dókè láìdúró, tí kò mí gúlegúle, ó yí àga rẹ̀ padà, ó wo gbogbo wa láti òkè. Ipa táyà rẹ̀ ti lọ geerege lórí erùpẹ̀ pupa náà, ìlà méjì. Làmídì kúnlẹ̀, ó ri èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó sì ta okùn. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní Tíṣà mọ́. Onílé ló ń pè é.

Tèmi ni ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé táyà bí ìgbà tó ń wa ara rẹ̀, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìgúnpá dé ìgúnpá, mo fi àyè ìrọ̀rùn sí i gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀wù. Kò sí ilẹ̀kùn kan nínú ilé yìí tí yóò ha á lọ́wọ́. Ẹ lọ wò ó. Wọ́n sì la gọ́tà sábẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, mo jókòó síbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, mo ń wo omi. Ó wá pẹ̀lú ariwo bó ṣe máa ń wá, ó wọ gọ́tà, ó bá tirẹ̀ lọ sódò.

Ọjọ́ tí a kó wọlé, àwọn ará Òkukù wá, pásítọ̀ gbàdúrà, àáfà tó jẹ́ ará ilé wa náà ṣe tirẹ̀. Mo ti sọ ìṣe ìdílé wa fún Bọ́láńlé, kò sì bá mi jiyàn. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Gbogbo wa dúró níta. Mo gbé igbá omi tútù dání, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe, nítorí àga yẹn ló fẹ́ lọ dì mú. Ó gun ọ̀nà náà, ó yí síwájú, ó wọlé.

A dákẹ́. Mo ń gbọ́ táyà rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé. Mo mọ̀ nígbà tó wà ní pálọ̀, mo mọ̀ nígbà tó yà sí ilé ìdáná, mo mọ̀ nígbà tó dé yàrá, tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kankan kò dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde.

"Màámi, ẹ máa wọlé o."

Ẹni tó béèrè àtẹ̀gùn, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, táyà rẹ̀ tí omi òjò ti rin ti fi ìlà méjì sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀ títí wọ inú ilé. Mo gbé omi mi, mo tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ ọmọ mi wọlé.